Orúkọ Àdàpè tí Ìbídùnní Fún Ẹ̀ṣọ́

Ìbídùnní mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà dunjú, ó sì mọ àṣà ìyàwó ilé jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò pe ọmọ ọkọ kankan lórúkọ rí. Gbádégẹṣin, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Ìsẹ́yìn, "Bàbá Ilé" ló ń pè é. Kódà, ológbò ilé ọkọ rẹ̀ ní àdàpè.

Ètò kọ̀ǹpútà tó ń sọ iye oògùn tí nọ́ọ̀sì máa wọ̀n fún ọmọdé ni àwọn méjèèjì ń ṣe fún ilé ìwòsàn kan. Inú àká kan lórí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń kó iṣẹ́ wọn sí. Ìbídùnní wá kọ ẹ̀ṣọ́ kan, ìwé àṣẹ kékeré tí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ máa ń pè kí ohunkóhun tó wọ àká. Ojú ìwé tí kò bá béèrè ìwọ̀n ara ọmọ, ẹ̀ṣọ́ á dá a padà. Oṣù mẹ́fà ló fi ṣọ́ wọn láìyẹsẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì kan, ilé ìwòsàn ránṣẹ́. Ojú ìwé tuntun kan ti ní kí wọ́n fún ọmọ oṣù mẹ́ta ní ṣíbí mẹ́rin, kò béèrè ìwọ̀n rẹ̀. Ọpẹ́lọpẹ́ nọ́ọ̀sì tó lajú. Wọ́n ní bí Ìbídùnní àti Gbádégẹṣin ò bá rí ibi tí ojú ìwé náà gbà wọlé kó tó di ọ̀sán, àwọn á kọ ètò náà sílẹ̀. Síbẹ̀, ohun tí Ìbídùnní kọ dá a lójú.

Ó fọwọ́ ara rẹ̀ gbé ojú ìwé náà fún ẹ̀ṣọ́. Ẹ̀ṣọ́ kọ̀ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Ó wò ó bóyá ó láṣẹ àtiṣiṣẹ́, ó láṣẹ.

"Bàbá Ilé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá mi wò ó. Ẹ̀ṣọ́ yìí ò lárùn kankan."

"Kí lorúkọ rẹ̀?"

"Orúkọ òyìnbó kan ló ń jẹ́ tẹ́lẹ̀. Mo rí bó ṣe ń ṣọ́ wa, ojú wá ń tì mí láti máa pè é lórúkọ lásán. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo sọ ọ́ di Bàbá Ẹnubodè."

"Ta lo sọ fún?"

"Ẹ̀yin ni mo ń sọ fún yìí, sà."

Ẹ̀rín pa Gbádégẹṣin. "Ìyàwó wa, orúkọ tí ẹ̀rọ mọ̀ ọ́n sí náà ló ń pè. Kò sẹ́ni tó dáhùn, ó gbà pé kò sí ẹ̀ṣọ́ nílé, ó sì ṣílẹ̀kùn. Àbí wọ́n fẹ́ ẹ̀rọ náà sílé yìí pẹ̀lú ẹ ni?"

Ojú ti Ìbídùnní, òun náà sì rẹ́rìn-ín. Ó dá orúkọ àkọ́kọ́ padà, ó yọ ojú ìwé burúkú náà kúrò nínú àká, ó sì tún gbìyànjú láti tì í wọlé. Ẹ̀ṣọ́ dá a padà. Ìbídùnní wá yẹ gbogbo ohun tó wọlé láti ìgbà tó ti yí orúkọ náà padà wò, kò sí òmíràn. Aago mọ́kànlá kò tíì lù tó fi pe ilé ìwòsàn, wọn ò sì kọ ètò náà sílẹ̀ mọ́.

Títí dòní, Bàbá Ilé ló ṣì ń pe Gbádégẹṣin. Ṣùgbọ́n ohun tó fà á nìyẹn tí àwọn àgbà agboolé ọkọ rẹ̀ fi ń pa á lówe pé: orúkọ tó wuni là ń jẹ́ lẹ́yìn odi, orúkọ tí wọ́n mọ̀ wá sí là ń jẹ́ nídìí iṣẹ́.