Ọjọ́ Tí Ọkọ̀ Jọláadé Jókòó Sórí Àpáta

"Ẹni tí yóò rẹ ọkọ̀ rẹ̀ sílẹ̀, kí ó kọ́kọ́ bi ọ̀nà ilé rẹ̀ léèrè." Bí ẹ bá jókòó pẹ́ díẹ̀ láàrin àwọn àgbà Òkè-Àpáta, ẹ ó gbọ́ òwe yìí. Wọ́n ń pa á fún ẹni tó fẹ́ gbéyàwó, wọ́n ń pa á fún ẹni tó fẹ́ kọ́lé, wọ́n tilẹ̀ ń pa á fún ẹni tó fẹ́ ra bàtà. Ǹjẹ́ ẹ mọ ibi tó ti ṣẹ̀ wá? Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé awakọ̀ ló dá a sílẹ̀. Kì í ṣe awakọ̀ o. Àgbẹ̀ kan tí kò wa ọkọ̀ rí láyé rẹ̀ ni. Inú ọkọ̀ ló wà nígbà tí ọ̀rọ̀ náà jáde lẹ́nu rẹ̀, kò sì tíì pẹ́ tí wọ́n gbé ọkọ̀ náà sọ̀kalẹ̀ láti orí ọwọ́.

Òkè-Àpáta jẹ́ àdúgbò kan nínú ìlú tí òkúta yí ká ní ilẹ̀ Àkókó. Ibẹ̀ ni Jọláadé, ayàwòrán tí wọ́n ń pè ní Fótò, ń gbé. Ọkùnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún ni, ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Bí wọ́n bá gbé ọbẹ̀ síwájú rẹ̀, yóò kọ́kọ́ yí abọ́ náà sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ wà kó tó tọ́ ọ wò. Ohun tí kò bá lẹ́wà nínú àwòrán, lójú Jọláadé, kò tíì pé.

Ìyàwó rẹ̀ ti ṣaláìsí. Ìbùkún, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ti wà nílé ọkọ. Lẹ́yìn tó ti dá jẹun títí tí ó sú u, Ọlọ́run fi Olúrẹ̀mí pàdé rẹ̀. Opó ni òun náà, tíṣà ni, ilé rẹ̀ kò sì jìnnà sí ti Jọláadé lókè náà lọ́hùn-ún. Láràárọ̀ ni Jọláadé ń fi ọkọ̀ rẹ̀ pupa gbé e sọ̀kalẹ̀ lọ sí ilé ìwé kó tó lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ lójú títì ọ̀dà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ nípa ọ̀nà tí wọ́n ń gbà. Ọ̀nà Òkè-Àpáta kì í ṣe ọ̀nà, àṣà ni. Ibẹ̀ ṣáà ti mọ́ àwọn ènìyàn lára ni. Àgbàrá ti gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì, àpáta kan sì yọ gànnàkù láàrin rẹ̀ bí ẹ̀yìn màlúù tó sùn.

Lọ́jọ́ kan, ọkọ ìyàwó kan àti ìyàwó rẹ̀ wá ya àwòrán ní ṣọ́ọ̀bù Jọláadé. Ọkọ̀ tó gbé wá ti rẹlẹ̀ jù. Ó lúgọ sílẹ̀ bí ológbò tó rí eku. Ọkọ̀ náà wọ Jọláadé lójú. Ó dọ̀bálẹ̀ yà á, ó gun àga yà á, ó yípo rẹ̀ yà á. Nígbà tí wọ́n fi máa ṣe tán, àwòrán ọkọ̀ ti pọ̀ ju àwòrán ọkọ lọ. Ìyàwó ló kọ́kọ́ ṣàkíyèsí, inú rẹ̀ kò sì dùn sí i.

Láti ọjọ́ náà, bí Jọláadé bá wo ọkọ̀ tirẹ̀, ṣe ló ń rí i bí ìyá arúgbó tó ká ìró sókè láti la odò kọjá. Ó ń ro Olúrẹ̀mí nínú rẹ̀. Ó ní irú obìnrin báyìí kò yẹ nínú irú ọkọ̀ báyìí. Ó gba ilé Rábíù lọ, ẹni tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀.

Rábíù kó ṣọ́ọ̀kì àti sípíríǹgì oríṣi mẹ́ta síwájú rẹ̀, ìyẹn àwọn irin tó ń gbé ọkọ̀ dúró lórí táyà, tí kì í jẹ́ kí kòtò ọ̀nà wọ inú egungun ẹni. Èkínní dà bí èyí tí ọkọ̀ gbé wá sáyé. Èkejì kúrú, bí a bá ti fi í sábẹ́ ọkọ̀, ọkọ̀ ti kúrú nìyẹn títí ayé. Ẹ̀kẹta ní òrùka tí a lè fi sípánà yí, tí ọkọ̀ yóò fi ga tàbí kó rẹlẹ̀, ó sì ní kókó kékeré kan lórí tí a ń yí bí a bá fẹ́ kí ó le tàbí kí ó rọ̀.

"Ṣé ọkọ̀ ojoojúmọ́ ni, àbí ti fàájì?" Rábíù bi í.

"Ti ojoojúmọ́ ni, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kó dà bí ti fàájì."

"Irú ọ̀nà wo lẹ máa ń gbà?"

"Ojú ọ̀dà ni ṣọ́ọ̀bù mi wà," ni Jọláadé dáhùn.

Kò purọ́. Ó kàn fi ìdajì òtítọ́ pamọ́ sẹ́yìn eyín ni. Rábíù náà kò sì tọ pinpin ọ̀rọ̀, nítorí ọjà ló fẹ́ tà.

"Ẹ mú ẹ̀kẹta, Fótò! Bí ẹ bá dé ibi tí kò dára, ẹ gbé e sókè. Bí ẹ bá dé ojú ọ̀dà, ẹ rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Kí lẹ tún ń fẹ́?"

Jọláadé rà á, wọ́n fi í sábẹ́ ọkọ̀, ó sì rẹ́rìn-ín lọ sílé. Ó rò pé òun ti rí ohun tí yóò gba òun lọ́wọ́ yíyàn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó fi ọkọ̀ gíga sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè. Bí ó ti dé ìdí ọ̀dà, ó dúró, ó ní kí Olúrẹ̀mí jọ̀wọ́ bọ́ sílẹ̀ díẹ̀. Ó gbé jáàkì jáde, ó kúnlẹ̀ ti táyà kan, ó yí òrùka, ó bọ́ sí òmíràn. Olúrẹ̀mí dúró lẹ́bàá ọ̀nà pẹ̀lú báàgì rẹ̀. Àwọn ọmọ ilé ìwé ń kọjá, wọ́n ń kí i: "Ẹ káàárọ̀, mà!" Nígbà tí Jọláadé fi máa parí, àwọn tó kí i ti tò, wọ́n ti kọrin, wọ́n ti wọlé jókòó. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ náà lúgọ. Ó lúgọ dáadáa.

Yíyí òrùka láràárọ̀ kò pẹ́ tó fi sú u. Ó jẹ́ kí ọkọ̀ máa rẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó wá yí kókó kékeré yẹn kí ó le, kí abẹ́ ọkọ̀ má baà máa kan ilẹ̀ jù. Tí ó bá dé ibi àpáta, yóò gbé táyà apá kan gun orí rẹ̀, yóò fi apá kejì tẹ etí ọ̀nà, yóò sì máa ha kọjá bí ẹni ń ha ìsàlẹ̀ ìkòkò. Kòtò kọ̀ọ̀kan ń gbé gèlè Olúrẹ̀mí lu òrùlé.

"Bàbá Ìbùkún," ni Olúrẹ̀mí wí lọ́jọ́ tí tíì inú ife rẹ̀ dà sára búláòsì rẹ̀ funfun, "ṣé ọkọ̀ yìí ń bínú sí mi ni?"

"Rárá o, Tíṣà mi. Bí ó ṣe ń di ọ̀nà mú nìyẹn."

"Ó dáa. Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́ kó dì í mú jẹ́jẹ́."

Ó rẹ́rìn-ín bó ti sọ bẹ́ẹ̀, Jọláadé sì rò pé ẹ̀rín ìfẹ́ ni.

Nígbà tó yá, bàbá Olúrẹ̀mí ránṣẹ́ láti Ọ̀gbàgì pé òun ń bọ̀ wá fi ojú ara òun rí ọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ ọmọ òun. Bàbá Ọláòfé ni wọ́n ń pè é. Àgbẹ̀ ni, ó ti dàgbà, ìbàdí ń dùn ún, ó sì máa ń sọ ohun tó bá wà ní ikùn rẹ̀. Olúrẹ̀mí ti sọ fún Jọláadé pé bí bàbá òun bá ti ní rárá, kò sí ẹni tí yóò yí i padà.

Jọláadé fọ ọkọ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ títí tó fi ń dán. Ó wọ bùbá funfun. Kí àwòrán òun àti àna rẹ̀ lè dùn ún wò ní gáréèjì tí yóò ti lọ gbé e, ó ti kọ́kọ́ rẹ ọkọ̀ sílẹ̀ dé ibi tí òrùka náà parí sí. Kò rántí pé òjò ńlá ti rọ̀, àgbàrá sì ti kó etí ọ̀nà Òkè-Àpáta lọ.

Bàbá kó iṣu wá, iṣu náà kún búùtù. Ó tún mú tòlótòló kan dání. Nígbà tó fẹ́ wọ ọkọ̀, ó rọra ń jókòó, ó ń jókòó, ìjókòó kò tètè dé. Nígbà tó dé, orúnkún rẹ̀ bá àgbọ̀n rẹ̀ pàdé.

"Ọmọ mi," ló wí, "ṣé ọkọ̀ ni èyí, àbí àpótí ìdáná?"

Jọláadé rín ẹ̀rín tí kò dé ọ̀fun. Nígbà tí wọ́n dé ìsàlẹ̀ òkè, ó mọ̀ pé ó yẹ kí òun dúró gbé ọkọ̀ sókè. Ṣùgbọ́n báwo ni yóò ṣe ní kí àna òun dúró nínú ẹrẹ̀, kí òun wá kúnlẹ̀ ti táyà pẹ̀lú bùbá funfun? Ó gbàdúrà, ó tẹná mọ́ ọkọ̀.

Gbàgà!

Ọkọ̀ jókòó sórí àpáta bí adìyẹ tó ń sàba. Táyà ń yí nínú afẹ́fẹ́. Bàbá yọjú wo ọ̀tún, ọkọ̀ dà sí ọ̀tún. Ó yọjú wo òsì, ọkọ̀ dà sí òsì. Tòlótòló fi igbe ta. Jọláadé sáré gbé jáàkì jáde, ó dọ̀bálẹ̀ nínú ẹrẹ̀, ó fi síhìn-ín, ó fi sọ́hùn-ún. Ọkọ̀ ti rẹlẹ̀ débi pé jáàkì kò rí abẹ́ tí yóò wọ̀.

Àwọn bíríkìlà tó ń kọ́lé nítòsí sáré wá, àwọn aládùúgbò sì tẹ̀ lé wọn. Wọ́n ní kí Bàbá jọ̀ọ́ sọ̀kalẹ̀, kí ọkọ̀ lè fúyẹ́.

"N ò sọ̀kalẹ̀," ni Bàbá wí. "Wọ́n ní ọkọ̀ yìí ni yóò gbé mi dé ilé. Bí kò bá wá lè gbé mi, ẹ gbé òun."

Wọ́n gbé e. Wọ́n gbé ọkọ̀, wọ́n gbé iṣu, wọ́n gbé tòlótòló, wọ́n gbé Bàbá. Bàbá na ọwọ́ jáde lójú fèrèsé, ó ń kí àwọn ènìyàn lọ́tùn-ún lósì bí ọba tó lọ wo oko. Olúrẹ̀mí ti gbọ́ ariwo, ó ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀. Ó ká ọwọ́ lérí. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín pa á, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wá òkúta jókòó lé. Jọláadé wò ó, ẹrẹ̀ ti dé ọrùn bùbá rẹ̀, ó sì rò nínú ara rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó òun ti parí.

Nígbà tí wọ́n gbé ọkọ̀ kọjá àpáta tí wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀, Bàbá pe Jọláadé sí ojú fèrèsé.

"Àwọn bíríkìlà ní irin tí o rà ló rẹ ọkọ̀ yìí sílẹ̀. Kí o tó rà á, ta lo bi?"

"Mo bi ẹni tó ń tà á, Bàbá."

"Ta lo tún bi?"

"Mo wo ti àwọn ọ̀dọ́ tó ń lò ó."

"O ò bi ọ̀nà yìí? Ọ̀nà tó ò ń gbà lójoojúmọ́?" Bàbá mi orí. "Ẹni tí yóò rẹ ọkọ̀ rẹ̀ sílẹ̀, kí ó kọ́kọ́ bi ọ̀nà ilé rẹ̀ léèrè."

Àwọn bíríkìlà pariwo ẹ̀rín. Bàbá kò rẹ́rìn-ín. Ó tẹjú mọ́ Jọláadé.

"Ti ọkọ̀ nìyẹn. Ti ọmọ mi ńkọ́? Nígbà tí o fẹ́ yan òun, ta lo bi?"

Jọláadé nu ẹrẹ̀ ojú rẹ̀.

"Ilé mi ni mo bi, Bàbá. Láti ìgbà tí ìyá Ìbùkún ti lọ, bí mo bá sọ̀rọ̀ nínú ilé náà, ohùn ara mi ló ń dá mi lóhùn. Lọ́jọ́ tí Tíṣà kọ́kọ́ wá kí mi, nígbà tó lọ, n kò lè ti ilẹ̀kùn."

Olúrẹ̀mí ti dìde lórí òkúta. Kò rẹ́rìn-ín mọ́. Bàbá wo ọmọ rẹ̀, ó tún wo ọkùnrin ẹlẹ́rẹ̀ náà.

"Èyí, o bi ẹni tó yẹ," ló wí. "Ẹ wá gbé mi jáde. N ò lè dìde."

Bíríkìlà méjì ló fa Bàbá yọ nínú ìjókòó náà bí ẹni ń wa iṣu nínú ebè, ó sì fi ẹsẹ̀ rin ìyókù ọ̀nà dé ilé àna rẹ̀.

Jọláadé kò ta irin náà. Irin kò ṣẹ̀ ẹ́. Olúrẹ̀mí ló bá a lọ sí ibi àpáta, ó fi apá ara rẹ̀ wọn gíga rẹ̀, Jọláadé sì gbé ọkọ̀ sókè ju bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Ó yí kókó rẹ̀ kí ó rọ̀, ó sì dè é pinpin. Ọkọ̀ náà kò dára nínú àwòrán. Ṣùgbọ́n tíì ìyàwó rẹ̀ kò dà mọ́, òun náà sì ń tètè dé ilé ìwé.

Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí àwọn àgbà fi ń sọ pé ẹni tí yóò rẹ ọkọ̀ rẹ̀ sílẹ̀, kí ó kọ́kọ́ bi ọ̀nà ilé rẹ̀ léèrè. Wọ́n ń pa á nígbà tí ènìyàn bá fẹ́ fi ojú àlejò yan ohun tí òun fúnra rẹ̀ yóò máa bá gbé lójoojúmọ́. Àlejò yóò wò ó, yóò yìn ín, yóò sì lọ sílé rẹ̀. Ẹni tó yàn án ni yóò gun òkè.