Ọkùnrin Tó Gba Òrùlé Wọlé

Ọkùnrin kan wà ní Róòmù láyé àtijọ́ tó di òkú níbi tó ti ń jẹun, tó ń mumi. Ogun ló lọ, ọ̀tá sì mú un lẹ́rú. Lójú òfin Róòmù, ẹni tí ọ̀tá bá mú lẹ́rú, òkú ni. Kò nílé, kò lóko, ìgbéyàwó rẹ̀ sì ti tú.

Ṣùgbọ́n òfin kan náà fi àyè sílẹ̀: bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá bọ́, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ ilẹ̀ bàbá rẹ̀, ó jíǹde nìyẹn. Èrò yìí ló gbé ọkùnrin wa ró lóko ẹrú. Kì í ṣe ilé ló ń rò, ìyàwó rẹ̀ ni. Nígbà tí àyè yọ, ó sá wálé.

Adájọ́ dá ilé padà fún un, ó dá oko padà.

Ọkùnrin náà ní, "Ìyàwó mi ńkọ́?"

"Ìyẹn kò sí lọ́wọ́ òfin. Àfi kí ẹ̀yin méjèèjì tún gbà. Lọ bi í."

Inú bí i. Ta ló ń tọrọ ohun tó jẹ́ tirẹ̀? Ó lọ ń fi ẹ̀ṣẹ́ lu ilẹ̀kùn ilé tí ìyàwó rẹ̀ wà. Obìnrin náà kò tíì fẹ́ ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n kò ṣílẹ̀kùn.

Ó ní, "A ti ṣòkú yín. Ẹ mọ ibi tí irú yín ń gbà."

Àṣà wọn ni: ẹni tí wọ́n ti sunkún rẹ̀ tán, tó wá padà wá láàyè, kì í gba ẹnu ọ̀nà wọlé. Orí òrùlé ni yóò gùn, kó gba ojú ihò tí wọ́n máa ń dá sí àárín rẹ̀ fún ìmọ́lẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ bí ọmọ tuntun. Jagunjagun, lórí òrùlé bí aláǹgbá! Àwọn aládùúgbò ti ń rẹ́rìn-ín. Ojú tì í gidigidi. Síbẹ̀, ó lọ yá àkàbà.

Ó já bọ́ síwájú obìnrin náà, orúnkún rẹ̀ bó. Kò pè é ní ìyàwó. Ó ní, "Ṣé wàá fẹ́ mi?"

Obìnrin náà ní, "Níjọ́sí, bàbá mi lẹ bi. Ẹ ò bi mí rí." Ó sì lọ bu omi wá fún orúnkún rẹ̀.

Ìwọ tó ti òkè òkun dé, tó ń fi ẹjọ́ ìyàwó rẹ sùn mí, òfin wà lẹ́yìn rẹ, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n ọ̀tá ló mú ọkùnrin yẹn lọ. Ìwọ fẹsẹ̀ ara rẹ lọ ni, o sì dákẹ́ títí wọ́n fi sunkún rẹ tán. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Má lu ilẹ̀kùn mọ́. Lọ wá àkàbà.