Bí Orí-Àpáta Ṣe Ta Alágbẹ̀dẹ Rẹ̀

Àwọn àgbà ní bí a bá ta ará ilé ẹni lọ́pọ̀, a kì í rí i rà lọ́wọ̀n-ọ́n mọ́. Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ lè bi ara rẹ̀ pé: ta ló mú ará ilé rẹ̀ lọ sọ́jà, tó tún wá dín owó rẹ̀ kù? Àwọn ará Orí-Àpáta ni. Òbúkọ kan ṣoṣo ni wọ́n sì gbà.

Abúlé àgbẹ̀ ni Orí-Àpáta. Ilẹ̀ wọn lọ́ràá, ṣùgbọ́n òkúta wẹ́wẹ́ kún inú rẹ̀ bí ẹ̀wà ṣe ń kún inú àdàlú. Ògúngbèmí, alágbẹ̀dẹ wọn, mọ ilẹ̀ náà dáadáa. Ọkọ́ tirẹ̀ kì í fẹ̀. Ẹnu rẹ̀ máa ń rí tóóró, kó lè ráyè kọjá láàárín òkúta méjì. Ọrùn rẹ̀ sì máa ń nípọn, nítorí ibẹ̀ ni ọkọ́ ti ń ṣẹ́. Bí ó bá rọ ọ́ tán, ẹnu nìkan ni yóò tì bọ omi, kó lè le. Á fi ọrùn sílẹ̀ kó tutù fúnra rẹ̀, kó má baà ya.

Ẹni tó ń fẹ iná láti àárọ̀ kò lè ráyè roko. Nítorí náà, lọ́jọ́ kan lọ́dọọdún, gbogbo abúlé á bá a kọ ebè. Ọ̀wẹ̀ alágbẹ̀dẹ ni wọ́n ń pè é.

Lọ́dún kan, oníṣòwò kan kó ọkọ́ ọjà dé. Ó ń dán bí dígí, ó fẹ̀ bí ewé kókò, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Gbogbo ilé ló rà á. Nígbà tí ọjọ́ ọ̀wẹ̀ pé, Bààlẹ̀ Òjélabí bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹni tó jókòó sábẹ́ ibòji, àwa tí oòrùn ń pa ni yóò máa kọ ebè fún un? Ó tó gẹ́ẹ́!"

Ìyá Àbẹ̀fẹ́, obìnrin kan tí oko rẹ̀ tóbi, ní, "Bààlẹ̀, bí ọkọ́ ọjà yìí bá ṣẹ́ ńkọ́?"

"A ó ra òmíràn. Àbí ọkọ́ á tán lọ́jà ni?"

Bí àwọn ará Odò-Ìrèké, abúlé kejì, ṣe gbọ́ pé Orí-Àpáta kò ṣọ̀wẹ̀ fún Ògúngbèmí, wọ́n fa òbúkọ kan wá.

"Bààlẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ̀ǹda alágbẹ̀dẹ yín fún wa."

"Ẹ máa mú un lọ! Òbúkọ yìí wúlò ju èéfín rẹ̀ lọ."

Ògúngbèmí kó ẹwìrì tó fi ń fẹná àti òòlù rẹ̀, kò bá ẹnikẹ́ni jà, ó bá wọn lọ. Àwọn ará Orí-Àpáta pa òbúkọ jẹ.

Òjò àkọ́rọ̀ dé. Kí oòrùn tó kan àtàrí, ọkọ́ ọjà mẹ́tàdínlógún ti ṣẹ́ lọ́rùn. Oníṣòwò ti bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Ọkọ́ àtijọ́ tó kù nílé ti kú lẹ́nu, kò sẹ́ni tí yóò pọ́n ọn. Bí òjò yìí bá sì kọjá láìsí ebè nílẹ̀, ebi ni yóò gbẹ̀yìn rẹ̀.

Bààlẹ̀ fa òbúkọ méjì lọ sí Odò-Ìrèké. Wọ́n ní rárá. Ó ní márùn-ún. Rárá. Ó ní mẹ́wàá, pẹ̀lú màlúù kan.

Bààlẹ̀ Odò-Ìrèké nawọ́ sí oko wọn, níbi tí ebè ti tò lọ rẹrẹẹrẹ títí dé etí odò. "Ẹ wo iṣẹ́ ọkọ́ Ògúngbèmí. Èló ni ká tà á?"

Bààlẹ̀ Òjélabí kọjú sí alágbẹ̀dẹ nídìí iná rẹ̀. "Ògúngbèmí, ọmọ wa, ṣé o ò ní bá wa relé ni?"

"Baba, wọ́n ti bá mi kọ ebè níbí, ìyàwó mi sì ti gbin ẹ̀gẹ́ sí i. Màá pọ́n ọkọ́ yín o, ṣùgbọ́n ẹ tò sẹ́yìn àwọn onílé."

Báyìí ni Bààlẹ̀ ṣe tò sẹ́yìn, tó gbé ọkọ́ lé itan. Obìnrin tó wà níwájú rẹ̀ bojú wẹ̀yìn. "Baba, ṣé ẹ ò ní alágbẹ̀dẹ lọ́dọ̀ yín ni?"

Bààlẹ̀ ń wúkọ́. Ìyá Àbẹ̀fẹ́, tó tò tẹ̀lé e, ló dáhùn.

"A ní i, ìyá. A tà á lọ́pọ̀ ni. A wá rà á lónìí, kò ṣeé rà lọ́wọ̀n-ọ́n mọ́."

Ẹ̀rín sọ, Ògúngbèmí pàápàá sọ òòlù sílẹ̀. Ìdajì oko ni Orí-Àpáta rí kọ lọ́dún náà. Ọ̀rọ̀ Ìyá Àbẹ̀fẹ́ ni àwọn tó pọ́n ọkọ́ lọ́jọ́ náà gbé kiri abúlé: bí a bá ta ará ilé ẹni lọ́pọ̀, a kì í rí i rà lọ́wọ̀n-ọ́n mọ́.