Ehoro Fi Oríkì Bo Irinṣẹ́ Mọ́lẹ̀

Àlọ́ o!

Àlọ̀ọ̀!

Àlọ́ mi gbéra, ó kọjá lójúde ọba, kò yà síbẹ̀. Ilé Ehoro ẹlẹ́nu dídùn ló balẹ̀ sí.

Ní ìgbà kan rí, àwọn ẹranko ní ilé kan tí gbogbo wọn ń kó irinṣẹ́ sí. Ẹnikẹ́ni ló lè lo ohun tó wà níbẹ̀. Akika alágbẹ̀dẹ wá rọ ère irin kan fún wọn. Agbọ́rọ̀ṣe ni wọ́n sọ ọ́. Kì í sùn, kì í ṣàárẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí a bá sọ fún un nìkan ló mọ̀.

Akika ní, "Ẹ̀yin ará, ère yìí kò bá yín gbé rí. Kò mọ ọkọ́, kò mọ adá. Ẹ sọ iṣẹ́ irinṣẹ́ kọ̀ọ̀kan fún un, àti ibi tí kò gbọdọ̀ lò ó dé." Ó gbé àpò rẹ̀ kọ́ èjìká, ó padà sí ìlú rẹ̀.

Ta ni yóò sọ ọ́? Gbogbo wọn nawọ́ sí Ehoro. Ẹ sáà mọ̀ wá, a fẹ́ràn ọ̀rọ̀ dídùn.

Ehoro dé iwájú ọkọ́, ó gbóhùn sókè: "Ọkọ́, a-bẹ̀rẹ̀-má-kúnlẹ̀, ọmọ a-jí-fẹnu-kanlẹ̀!" Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ó dé ọ̀dọ̀ akèrègbè ńlá méjì. Eérú tí wọ́n ń dà yí iṣu ká nítorí ikán ló wà nínú ọ̀kan. Oyin ló wà nínú èkejì. Ehoro kò dárúkọ eérú, kò dárúkọ oyin. Ó ní, "Arẹwà ọlọ́rùn gígùn!" Ohun kan náà ló sọ fún méjèèjì. Wọ́n tún pàtẹ́wọ́.

Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Èèwọ̀ kan wà o. Bí ẹnu mìíràn bá kọ́ ère yìí lẹ́kọ̀ọ́, ẹnu náà á wọ́."

Irọ́ ni! Akika kò sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ fi ẹnu ara rẹ̀ dán an wò?

Ní ọjọ́ kejì, Ọ̀bọ ní, "Agbọ́rọ̀ṣe, lọ kọ ebè fún mi."

Ère dúró. "Bàbá, èwo la fi ń kọ ebè nínú wọn?"

"Ṣé Ehoro kò sọ fún ọ ni?"

"Ó sọ pé a-bẹ̀rẹ̀-má-kúnlẹ̀ ni. Kò sọ iṣẹ́ rẹ̀."

Ọ̀bọ sáré lọ bá Ehoro. Ehoro ń fọwọ́ ra irun ẹnu. "Iṣu mẹ́ta ni o, ọ̀rẹ́ mi."

Ó gba iṣu, ó sọ ọ̀rọ̀ náà sétí ère wúyẹ́wúyẹ́, ó sì fi kún un pé, "Bí o bá ṣe tán, gbàgbé." Bí ó ṣe ń ṣe fún gbogbo wọn nìyẹn. Àká rẹ̀ kún. Àká tiwọn ń gbẹ.

Ìyá Àfè, eku kékeré kan, jẹ́ opó, ó sì ní ọmọ márùn-ún. Èbù iṣu tó fẹ́ gbìn ni gbogbo ohun tó kù ú kù láyé. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ikán wọ inú rẹ̀. Akèrègbè eérú sì ga jù ú lọ, kò lè gbé e. Ó sáré dé ẹnu ọ̀nà Ehoro.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún Agbọ́rọ̀ṣe. Ikán ti dé!"

"Ìlàjì èbù rẹ ni."

"Ìlàjì kẹ̀? Kí làwọn ọmọ mi ó jẹ lọ́dún tó ń bọ̀?"

"Ìyẹn kò sí lára ọ̀rọ̀ tèmi."

Kò tíì pa ẹnu dé tó fi rí ikán lára iṣu tirẹ̀. Ó ta gìrì. "Agbọ́rọ̀ṣe! Arẹwà ọlọ́rùn gígùn! Gbé e wá, dà á sórí iṣu mi, kíákíá!"

Arẹwà méjì ni ère mọ̀. Ó gbé èyí tó sún mọ́ ọn. Oyin ni! Ó dà á sórí iṣu gbuuru. Kí ni ìjàlọ fẹ́ gbọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ? Wọ́n bo àká, wọ́n bo Ehoro. Ó ké, ó bẹ́ sódò!

Ìyá Àfè wo ère. Ó fọwọ́ kan ẹnu ara rẹ̀.

"Bí ó bá fẹ́ wọ́, kó wọ́. Agbọ́rọ̀ṣe, wo akèrègbè tó kù yìí. Eérú ló wà nínú rẹ̀. Ikán kì í kọjá rẹ̀. Dà á yí èbù mi ká. Má dà á sójú ẹnikẹ́ni, ó ń ta."

"Ó yé mi, Ìyá," ni ère wí. Ó gbé e, ó ti lọ.

Àwọn ẹranko kóra jọ, gbogbo ojú wà lára ẹnu Ìyá Àfè. Wọ́n dúró, dúró. Ẹnu kò wọ́. Ère padà dé: "Mo ti dà á yí i ká. Mẹ́ta ló bàjẹ́. Ìyókù pé."

Ìyá Àfè jókòó sílẹ̀ lójijì, ó mí kanlẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín. Gbogbo wọn bá a rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn.

Ọ̀bọ fò síwájú. "Agbọ́rọ̀ṣe, ọkọ́ rèé. Ebè la fi ń kọ. Má fi gé igi o, erùkọ́ rẹ̀ á kán." Lọ́jọ́ náà ni wọ́n sọ gbogbo rẹ̀ ní gbangba, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn.

Ehoro jáde lódò, etí rẹ̀ wú. Ọ̀bọ ní, "Ehoro ẹlẹ́nu dídùn, oríkì wo la ó ki etí yìí báyìí?" Wọ́n kó iṣu olóhun fún olóhun.

Ìdí àlọ́ mi rèé: bí ẹ bá fi irinṣẹ́ lé ìránṣẹ́ lọ́wọ́, ẹ má ki oríkì rẹ̀ fún un, ẹ sọ iṣẹ́ rẹ̀ àti ewu rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ tó yé àlejò. Ẹni tó bá sì sọ ohun tí a jọ ni di àdììtú, oúnjẹ ọmọ opó ló ń jẹ.