Òkété, Olùkọ́ Àlàáfíà

Àlọ́ mi ò rìn jìnnà lónìí, ẹnu ihò Òkété ló jókòó sí. Iṣu ń wu Òkété jẹ, oko ò sì wù ú ro. Ìṣòro ńlá ni, ẹ bá mi bá a kẹ́dùn.

Lásìkò yẹn, Ẹfọ̀n àti Ìmàdò ń jà nítorí ebè iṣu tó wà láàlà oko wọn. Wọ́n jà títí ìrókò mẹ́ta fi wó, odò sì yà kúrò lọ́nà fún wọn. Òkété bá já ewé kan, ó fi ẹ̀gún kàn án mọ́ àyà, ó ní olùkọ́ àlàáfíà ni òun, òkè òkun lòun ti kọ́ ọ. Òkun tí kò rí rí.

Gbogbo ẹranko péjọ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ká sọ tòótọ́, ẹ̀kọ́ náà dára: bí wọ́n bá lù ọ́, má lù padà, ẹ jókòó sílẹ̀, kí kálukú sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má já lu ọ̀rọ̀ ẹnì kejì. Èyí tó gbẹ̀yìn nìkan ló ti inú ikùn Òkété wá: ohun tí wọ́n bá ń jà sí, ilé olùkọ́ ni yóò máa wà títí inú yóò fi rọ̀.

Ẹfọ̀n béèrè pé, “Olùkọ́, ìgbà wo ni inú tó máa ń rọ̀?”

“Bàbá Ẹfọ̀n, ìbínú wà nínú ìbéèrè yẹn,” Òkété dá a lóhùn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.

Ẹfọ̀n tọrọ àforíjì. Òkété wọ́ iṣu wọ ihò, ó wá fi eyín tẹ ewé lóǹtẹ̀ fún kálukú gẹ́gẹ́ bí ìwé ẹ̀rí. Ìmàdò ti jẹ tirẹ̀ tán kó tó délé.

Àfi bí ẹ̀kọ́ ṣe wọ̀ wọ́n lára lóòótọ́. Oṣù kan gbáko, kò síjà. Ẹkùn ń kí Ẹtu, Ẹtu ń dáhùn láìsá. Iṣu sì tán nílé Òkété. Ẹ wo ìyà tí àlàáfíà fi jẹ ọlọ́gbọ́n.

Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í wa iṣu Ẹfọ̀n, ó ń da èèpo rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà Ìmàdò. Ó ń wú kókò Ìmàdò, ó ń kó ewé rẹ̀ sílé Ẹtu. Bí wọ́n bá ti fa ọ̀rọ̀, olùkọ́ á dé, á gba ẹrù. Ihò kún dẹ́nu.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Erè yọ nínú koríko. Òkété sáré kó sí ihò. Orí wọlé, ìdí ò wọlé, iṣu ti gba gbogbo àyè. Erè gbá a nírù mú.

Gbogbo ìlú gbọ́ ariwo, wọ́n dé. Ẹfọ̀n gbé ẹsẹ̀ láti tẹ Erè pa, ó rántí ẹ̀kọ́, ó sọ ọ́ kalẹ̀. Wọ́n jókòó yí wọn ká.

“Ẹ tẹ̀ ẹ́ pa!” Òkété ké.

“Olùkọ́ ń dán wa wò ni,” Ìmàdò sọ fún àwọn tó kù. “Ẹ má dá a lóhùn.”

Ẹtu wá ṣàlàyé pé Òkété gan-an ni ohun tí Erè àti olùkọ́ ń jà sí, ilé olùkọ́ ló sì yẹ kó wà. Wọ́n bẹ Erè tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé kó fi í sílẹ̀ ná. Kò sẹ́ni tó bẹ Erè rí láyé. Ó yà á lẹ́nu, ẹnu ọ̀hún sì là. Òkété bọ́, awọ ìdajì ìrù rẹ̀ kù sẹ́nu Erè, ìdí nìyẹn tí ìrù Òkété fi funfun lápá ìsàlẹ̀ dòní.

Wọ́n tì í wọlé, kò wọlé. Ẹfọ̀n bá fi ìwo gbẹ́ ihò kó lè fẹ̀. Iṣu yí jáde, kókò yí jáde, kálukú dá tirẹ̀ tó rò pé ẹlòmíràn jí mọ̀.

Wọn ò lù ú o. Wọ́n gbé e sí àárín, wọ́n dáná iṣu sísun, wọ́n sì ń sọ ohun tó wà lọ́kàn wọn fún un lọ́kọ̀ọ̀kan, bí wọ́n ti ń jẹun. Òkété ò gbọdọ̀ já lu ọ̀rọ̀, kò sì rí èèpo jẹ. Ìgbín nìkan fi ọjọ́ mẹ́rin sọ tirẹ̀.

Àlàáfíà dára, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹni tó bá ń bẹ yín pé kẹ́ ẹ má jà, ẹ gbọ́ tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ máa yọjú wo ihò rẹ̀. Ibi tí mo gbọ́ ọ dé rèé. Bí mo bá fi irọ́ kún un, kí iyọ̀ má dùn lẹ́nu mi mọ́.