Ẹni Ẹ̀yìn Ni Kó Mú Tọ́ọ̀ṣì

Ọkùnrin kan wà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá púpọ̀. Bí ó bá ń lọ sí ọjà, bí ó bá ń lọ sí ilé ìjọsìn, iwájú ni ó máa ń wà, aya rẹ̀ a máa tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Kì í lu aya rẹ̀, kì í mu ọtí, oúnjẹ kò wọ́n nílé rẹ̀ rí. Má dá mi lóhùn, Múyìwá, gbọ́ ná. Mo mọ̀ pé o fẹ́ sọ pé bí ìwọ náà ṣe rí nìyẹn.

Iṣẹ́ ló gbé ọkùnrin náà àti aya rẹ̀ dé ìlú kan tó wà ní ẹsẹ̀ òkè ńlá. Òkè náà ti tu iná rí, láyé àtijọ́. Iná náà ti kú, ṣùgbọ́n orí òkè ọ̀hún jìn wọnú bí inú odó, ọ̀nà tóóró kan sì yí etí kòtò náà ká. Òkúta ibẹ̀ dúdú, ó fúyẹ́, ó sì máa ń yí lábẹ́ ẹsẹ̀. Àwọn tọkọtaya ìlú náà a máa gun ibẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, kí wọ́n lè wo bí oòrùn ṣe ń wọ̀, kí wọ́n jẹ ohun tí wọ́n bá gbé dání, kí wọ́n sì sọ ọ̀rọ̀ tí kò ṣe é sọ nílé lójú àwọn ọmọ.

Ó ti tó ọdún kan tí ọ̀rọ̀ ti tán láàárín àwọn méjèèjì. Kò sí ìjà o. "Ẹ káàárọ̀," "oúnjẹ ti délẹ̀," "ó dàárọ̀," ó parí. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Ọkùnrin náà ló dábàá pé kí àwọn lọ sórí òkè, nítorí ilé ti tutù jù fún un. Ohun tí kò mọ̀ ni pé aya rẹ̀ ti kó aṣọ sínú àpótí kan, ó ti tì í sábẹ́ ibùsùn. Obìnrin náà ti bá ara rẹ̀ sọ ọ́: bí ìrọ̀lẹ́ yìí bá rí bí gbogbo ìrọ̀lẹ́ yòókù, ilé ìyá òun lòun ń lọ lọ́la.

Bàbá arúgbó kan ló ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà òkè. Tọ́ọ̀ṣì kan ṣoṣo ló máa ń fún ẹni méjì. Ó na án sí obìnrin náà, ó ní, "Ẹni ẹ̀yìn ni kó mú un. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń rìn níhìn-ín."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó gba tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ aya rẹ̀. "Bàbá, lọ́dọ̀ tiwa, ọkọ ló ń ṣíwájú. Ẹni tó bá ṣíwájú ló ń mú iná."

Bàbá náà wo ọkùnrin, ó wo obìnrin. "Ẹ rọra o," ló wí, ó sì padà sórí àga rẹ̀.

Wọ́n gbéra. Obìnrin ló gbé agbọ̀n oúnjẹ, mọ́ínmọ́ín ewé tí ọkọ rẹ̀ fẹ́ràn ló wà nínú rẹ̀. Ojú ọ̀run ṣì mọ́ nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe yí sí ẹ̀yìn òkè, ilẹ̀ ṣú mọ́ wọn lójú. Ọkùnrin tan iná. Iná mọ́lẹ̀ sí iwájú ẹsẹ̀ rẹ̀ dáadáa, kò kọsẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ó ń sọ̀rọ̀ bó ṣe ń lọ: ilé tí òun máa kọ́, ilé-ìwé tí Morẹ́nikẹ́ ọmọ wọn máa lọ. Lẹ́yìn rẹ̀, nínú òkùnkùn, obìnrin náà ń fi ẹsẹ̀ tọ́ ilẹ̀ wò kó tó tẹ̀ ẹ́.

"Ìyá Morẹ́nikẹ́, ṣé ò ń bọ̀?"

"Mò ń bọ̀."

Nígbà tó yá, àánú aya rẹ̀ tilẹ̀ ṣe ọkùnrin náà, ó yíjú padà, ó tan tọ́ọ̀ṣì sí i kó lè ríran. Àánú dára, àbí kò dára? Iná náà wọ obìnrin yẹn lójú, kò rí òkè mọ́, kò rí ilẹ̀. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e kúrò lójú mi."

"Háà! A ń ran èèyàn lọ́wọ́, ó tún ń ráhùn." Ó kọjú síwájú, ó ń lọ.

Níbi tí ọ̀nà ti fún jù létí kòtò, òkúta kan yí lábẹ́ ẹsẹ̀ obìnrin náà. Ó fi orúnkún gúnlẹ̀, ó di gbòǹgbò igi kan mú. Òkúta náà yí lọ sínú kòtò, ó pẹ́ kó tó dákẹ́. Obìnrin náà kò pariwo. Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ó gbé agbọ̀n lé itan, ó ń wo iná ọkọ rẹ̀ bó ṣe ń lọ tó ń kéré sí i.

Ọkùnrin náà sọ̀rọ̀ títí ó fi dé òkè. Ó jókòó sórí àpáta, ó nawọ́ sẹ́yìn kó gba mọ́ínmọ́ín. Kò sẹ́ni tó fi nǹkan kan sí i lọ́wọ́. Ó pè é. Ó tún un pè. Jìnnìjìnnì bò ó. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Lọ́dún mọ́kànlá tó ti gbéyàwó, ọjọ́ yẹn ni ọ̀gbẹ́ni wa kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn láti wá aya rẹ̀. Ó sáré padà, ó ń yọ̀, ó ń dìde, títí ó fi bá a níbi tó jókòó sí.

"Kí ló dé tó ò pè mí?"

"Bàbá Morẹ́nikẹ́, mo fẹ́ mọ ibi tí ẹ máa rìn dé kí ẹ tó mọ̀ pé mi ò sí lẹ́yìn yín."

"Mo rìn dé òkè."

"Mo mọ̀. Mò ń wo iná yín."

Ọkùnrin náà rí ẹ̀jẹ̀ lórúnkún rẹ̀. Omi lé sí i lójú. Ó fi tọ́ọ̀ṣì náà sí i lọ́wọ́, ó ní kó di èjìká òun mú.

Bí wọ́n ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ ló mọ ohun tí bàbá ẹnu ọ̀nà mọ̀, pé iná ẹni ẹ̀yìn a máa tàn fún ẹni méjì. Ṣùgbọ́n ó rí nǹkan mìíràn tí bàbá náà kò sọ. Òjìji ara rẹ̀ ló bo ibi tó fẹ́ tẹ̀. Kò lè ríran tó bó ṣe ń rí tẹ́lẹ̀, àfi kó béèrè.

"Ṣé òkúta wà níwájú mi?"

"Ó wà lápá òsì. Ẹ gbẹ́sẹ̀ sókè díẹ̀."

Ó ń béèrè, aya rẹ̀ ń dá a lóhùn. Láti orí ọ̀rọ̀ òkúta, wọ́n bọ́ sórí ọ̀rọ̀ mìíràn, àwọn ọ̀rọ̀ ọdún kan gbáko. Nígbà tí wọ́n fẹ́ dé ìsàlẹ̀, obìnrin náà sọ ti àpótí abẹ́ ibùsùn fún un. Ọkùnrin náà dúró gbagidi.

"Ṣé wàá lọ?"

Obìnrin náà gbé iná sókè. "Ẹ máa rìn ná. Òkúta wà lápá ọ̀tún."

Múyìwá, o wá bá mi pé aya rẹ kì í bá ọ sọ̀rọ̀ mọ́. O ní gbogbo ohun tó yẹ kí ọkọ ṣe lò ń ṣe. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Èmi ò sì ní kí o má ṣíwájú. Ṣùgbọ́n o ti wà níhìn-ín láti aago mẹ́rin. O ti jẹ iṣu, o ti mu omi tútù, o ti rojọ́ tán. Nígbà tí mo bi ọ́ pé ìyàwó ńkọ́, o ní, "Ó wà." Ojú fèrèsé yìí ni mo jókòó sí, ọmọ mi. Mò ń rí ọkọ̀ rẹ, mo sì ń rí ẹni tó wà nínú rẹ̀ láti ìgbà tí o ti wọlé. Ó gbé báàgì rẹ̀ lé itan.

Dìde. Má lọ fi iná wọ̀ ọ́ lójú o. Lọ bi í léèrè bí ọ̀nà ṣe rí láti ẹ̀yìn.