Làmídì àti Bẹ́líìtì Àgbáyé

Ìjà ò dọlà, orúkọ ló ń sọni. Ẹni tó bá rò pé irọ́ ni, kó gbọ́ ti Làmídì akànṣẹ́.

Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti lọ bá àwọn òyìnbó du bẹ́líìtì àgbáyé, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni wọ́n lù ú bolẹ̀, ojú òsì rẹ̀ sì di bàìbàì. Nígbà tí wọ́n pè é lẹ́ẹ̀kẹta, dókítà ní òun máa yẹ ojú náà wò kó tó jà. Ni Múníràtù, ìyàwó rẹ̀, bá yọ́ lọ da àwọn lẹ́tà ara ògiri tí dókítà fi ń yẹ ojú wò kọ. Làmídì, ọmọ ilé kéú, há gbogbo rẹ̀ sórí bí ẹni há súrà.

Ìyá rẹ̀ ní, "Làmídì, ojú ni mo bí mọ́ ọ, n ò bí bẹ́líìtì mọ́ ọ."

"Màmá, ẹ fi mí sílẹ̀. Tí mo bá gbà á, gbogbo ayé ló máa mọ̀ mí."

Ó ka lẹ́tà náà geere, wọ́n sì ní kó lọ jà. Kò rí ẹ̀ṣẹ́ tó gba apá òsì wá. Èyí tó tẹ̀ lé e fọ́ ojú ọ̀tún, ó sì di afọ́jú. Kí ọdún tó yípo, Múníràtù ti kó ẹrù rẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn náà ni àwọn ará àdúgbò fi orúkọ Làmídì sọ òpópónà wọn. Wọ́n ri pátákó mọ́lẹ̀, wọ́n ń pariwo orúkọ rẹ̀. Alága wọn ní, "Ìyá, ẹ bá wa yọ̀. Orúkọ ọmọ yín ò lè parẹ́ mọ́."

"Mo gbọ́. Ẹni ọgọ́rin ọdún ni mí. Tí mo bá kú, ta nínú yín ni yóò máa fà á lọ́wọ́ lọ ilé ìyàgbẹ́?"